Kí Onílé Ọ̀la Tó Ra Sìmẹ́ǹtì

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá rówó díẹ̀ kó jọ, ìbáà máa gbé Èkó, Ìbàdàn tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ilé ló máa kọ́kọ́ rò. Bó bá tilẹ̀ kọ́lé sí ibi tó ń gbé, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi kọ́ òmíràn sí ìlú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí ariwo Ojúde Ọba bá rọlẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wálé kì í tíì padà. Wọ́n á mú bíríkìlà lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n rà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ tàbí lápá Ìjagun, wọ́n á dúró nínú oòrùn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ wọn ìbú àti òòró rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀: yàrá mélòó, ilé ilẹ̀ ni àbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, báwo ni kí bákónì iwájú ṣe yọ tó, èló ni owó iṣẹ́. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti fẹnu kò lórí ohun tí yóò gbé ilé náà ró tàbí tí yóò wó o, kò sì sí ẹnjinníà kankan níbẹ̀. Bíríkìlà dá àbá, onílé pàṣẹ. Onílé yìí sì kàwé o. Ó mọ ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, ó mọ ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ń rìn lórí dẹ́kìnì, kò sí olùkọ́ kan tó sọ fún un rí ohun tó ń gbé dẹ́kìnì dúró.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá fẹ́ kí ilé yéé wó pa wá, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká kọ́ wọn ní bí ilé ṣe ń dúró àti ohun tó ń wó o. Mi ò sọ pé kí gbogbo wọn di ẹnjinníà. Díẹ̀ nínú wọn á dì í, a sì nílò wọn. Àwọn tó kù ni mo ń bá wí, àwọn tí yóò di dókítà, oníṣòwò, agbẹjọ́rò, awakọ̀, pásítọ̀ àti ààfáà, nítorí pé àwọn ni yóò kọ́lé, àwọn ni yóò yá ilé, àwọn ni yóò kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ilé ẹ̀kọ́ àdáni. Ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí ilé wà ju ọwọ́ ẹnikẹ́ni mìíràn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ilé tó wó tí gbogbo ayé gbọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà mẹ́ta kan wó ní Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó. Ilé ìgbé ni, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lókè rẹ̀. Nǹkan bí 20 ènìyàn ló bá a lọ, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Àwọn aláṣẹ ní àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ló yẹ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó lulẹ̀ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Onílé fúnra rẹ̀ wà nínú wọn. Ohun tó ti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ jáde nígbà náà ni pé àjà 15 ni ìwé àṣẹ gbà. Ó tún hàn síta pé ilé iṣẹ́ ẹnjinníà kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ti kọ̀wé ní ọdún 2020 pé àwọn yọwọ́. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue ní Ìkòtún wó, ènìyàn 116 ló kú, ọmọ ilẹ̀ South Africa sì ni èyí tó pọ̀ jù. Ìjọ náà ní kì í ṣe ẹ̀bi ilé, pé ọwọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Májísíréètì Oyètádé Kọ́mọláfẹ́, tó jókòó lórí ìwádìí ikú wọn, gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Keje ọdún 2015, ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ ilé náà ni kò lágbára tó, àti pé kò ní ìwé àṣẹ. Ìlú Jos náà tún ti kọ́gbọ́n tirẹ̀ lọ́nà líle: ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ Saints Academy wó lé àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò lórí, 22 sì kú.

Bí ilé bá ti wó báyìí, bíríkìlà la máa ń kọ́kọ́ wá lọ. Mi ò ní kó má jẹ̀bi tó bá jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ tún àwọn ọ̀ràn yìí gbé yẹ̀ wò. Ta ló ń sọ ilé ìgbé di ilé ẹ̀kọ́? Ta ló ń ní kí àjà máa gun àjà lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ ti parí? Ta ló ń jẹ́ kí ẹnjinníà lọ kí iṣẹ́ má sì dúró? Kò sí lébùrà tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń pinnu, àwọn tó kù sì ń gbọ́ràn. Onílé tó wà nínú ilé tirẹ̀ lọ́jọ́ tó wó kò sì ní wà níbẹ̀ ká ní ó gbàgbọ́ pé ilé náà lè wó. Mo fẹ́ kí á kíyè sí ìyẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà la máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olójúkòkòrò, ṣùgbọ́n olójúkòkòrò kì í wọ inú ikú tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń wọ̀ ọ́.

Òfin kò wọ́n wa. Láti ọdún 1970 ni òfin tó dá COREN sílẹ̀ ti wà, èyí tó ń sọ ẹni tó lè pe ara rẹ̀ ní ẹnjinníà ní Nàìjíríà. Ọdún 2006 ni ìlànà ilé kíkọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè jáde. Èkó ní àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni ilé Ìkòyí ti ga dé àjà 21. Òṣìṣẹ́ ìjọba kì í wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré. Ìgbà tó bá fi máa dé, wọ́n ti rẹ́ ògiri, wọ́n ti bo irin mọ́lẹ̀, kò sí ojú tó lè rí i mọ́. Bó bá wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri, ó tán lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, nítorí àmì ọ̀hún kò sọ fún màmá tó ń mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ pé òpó ìsàlẹ̀ yìí kò lè gbé ohun tó wà lórí rẹ̀. Owó orí tí wọn kò san ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irú àmì bẹ́ẹ̀ dúró fún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó tí ojú gbogbo ayé wà lára rẹ̀, kí la fẹ́ retí ní Ìjẹ̀bú-Òde, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí ilé tuntun ti ń yọ bí olú lẹ́yìn òjò?

Kí wá ni a ó kọ́ ọmọ ọdún 15? Kò ní jẹ́ ìṣirò tó ń fọ́ni lórí. Ẹ fún un ní fóòmù kan, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe àga ń gé, kó gùn tó apá, kó nípọn tó ìka mẹ́rin. Kó fi bíró fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí àlàfo àwọn ìlà náà dọ́gba. Kó gbé orí rẹ̀ méjèèjì lé bulọ́ọ̀kù méjì, kó wá fọwọ́ tẹ àárín. Yóò rí i pé àwọn ìlà náà ń súnmọ́ra lókè, wọ́n sì ń jìnnà síra nísàlẹ̀. Òkè ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ ń fà. Kọnkéré kò kọ kí a fún un pọ̀, àmọ́ bí a bá fà á, agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, kíá ló máa sán. Irin ló ń gba fífà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ́ irin sí ìsàlẹ̀ dẹ́kìnì láàárín yàrá. Ẹ wá ní kí ọmọ náà di orí fóòmù kan mú ṣinṣin mọ́ etí tábìlì, kí orí kejì yọ síta sínú afẹ́fẹ́, kó tẹ èyí tó yọ síta mọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á yí padà lójú rẹ̀: òkè ló ń fà báyìí, ìsàlẹ̀ ló ń fún pọ̀. Bákónì nìyẹn. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, kó sì wọ inú ilé lọ jìnnà kó tó dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ yìí lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da dẹ́kìnì, àwọn lébùrà á máa ru kọnkéré kọjá lórí irin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Níbi bákónì, irin òkè tó yẹ kó dúró lórí ohun tí wọ́n fi gbé e sókè á máa rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, títí tí yóò fi bá ti ìsàlẹ̀ sùn. Irin kò dín, sìmẹ́ǹtì kò dín, kò sí ẹni tó jalè. Wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún, á dára lójú. Onílé á tẹ́ àga mẹ́rin síbẹ̀, ohunkóhun kò ní ṣe é. Ó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí àlejò 20 bá sáré jáde sórí rẹ̀ láti wo onílù tó ń bọ̀ ní títì. Onílé tó ti fọwọ́ tẹ fóòmù nígbà tó wà ní kíláàsì kò nílò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ kí wọ́n tó da kọnkéré, kí bíríkìlà sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀: ṣé irin òkè ṣì wà lókè?

Ọ̀rọ̀ irin náà ní tirẹ̀. Rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní 12 ní ọjà, tó bá jẹ́ ojúlówó, mítà kan rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 890. Odidi ọ̀pá kan, tó gùn ní mítà 12, kò ní jìnnà sí kílò 10 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Nítorí náà, tọ́ọ̀nù kan kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀pá 93 tàbí 94 lọ. Ṣùgbọ́n rọ́ọ̀dù tí wọ́n pè ní 12 tí kò sì ju 10 àti ààbọ̀ lọ wà lọ́jà. Bí a bá ra tọ́ọ̀nù kan irú rẹ̀, ọ̀pá tó lé ní 120 ni wọ́n á kà fún wa, inú wa á sì máa dùn pé ọlọ́jà náà lawọ́. Kó tó di pé ilé gbé ohunkóhun, agbára irin yẹn ti dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí pé bí ìbú irin bá dín díẹ̀, agbára rẹ̀ a máa dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò yìí kò kọjá ti ọmọ SS1. Mítà kan rọ́ọ̀dù àti ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹran tó láti fi mọ̀ ọ́n. Àpò sìmẹ́ǹtì pàápàá ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó lè kà á: láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ní èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí lára kò sí fún ju kí wọ́n fi rẹ́ ògiri lọ, pé 42.5 ni ká fi da òpó, bíìmù àti dẹ́kìnì. Àwọn mélòó ló ń yẹ ara àpò wò yàtọ̀ sí iye owó rẹ̀?

Èyí tó kàn ni ẹrù tí ilé ń rù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Ìta Fàájì ti máa yé ọmọdé. Nínú ìlànà ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ẹnjinníà Nàìjíríà ti ń lò tipẹ́, yàrá ìgbé ni wọ́n ń ṣírò pé yóò gbé nǹkan bíi kílò 150 lórí mítà kan níbùú lóròó. Kíláàsì jẹ́ 300. Ibi tí èrò ti lè dúró fún ara wọn, bíi gbọ̀ngàn àríyá, jẹ́ 500. Ẹni tó bá gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìgbé, tó kó tábìlì, bẹ́ǹṣì àti ọmọ 40 sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ti sọ ẹrù tí wọ́n ṣírò di ìlọ́po méjì láìfi bulọ́ọ̀kù kan kún ilé. Ẹni tó bá sọ ọ́ di gbọ̀ngàn àríyá ti lé e ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé. Ká tó wá gbé táǹkì omi lé e lórí: táǹkì tó ń gba líta 1,000, tọ́ọ̀nù kan géérégé ni omi inú rẹ̀, méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀ la sì sábà máa ń tò síbi kan náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Irú ẹ̀ ló wó Rana Plaza ní Bangladesh ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013. Ilé ìtajà àti ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́ ọ fún; wọ́n fi àjà kún un láìgbàṣẹ, wọ́n kó ilé iṣẹ́ aránṣọ pẹ̀lú ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ sí i. Ògiri ti sán lọ́jọ́ tó ṣáájú, báńkì inú rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, àmọ́ wọ́n ní kí àwọn aránṣọ wọlé. Ènìyàn tó lé ní 1,100 ló kú.

Àwọn kan á ní, ṣé àwọn baba wa lọ sílé ẹ̀kọ́ ẹnjinníà kí wọ́n tó kọ́lé, tí ilé wọn sì wà títí dòní? Ìbéèrè tó dáa ni, Ìjẹ̀bú sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í ju ẹnikẹ́ni lọ. Erédò Sùngbọ́ ṣì wà níbẹ̀, yàrà àti odi tó lọ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí kìlómítà 160, tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ṣóńṣó odi ń tó mítà 20 ní ibòmíràn. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn pé ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀ ti kọjá lórí rẹ̀, ògiri rẹ̀ sì ṣì dúró ṣánṣán. Àmọ́ kí ló gbé e ró? Ilẹ̀ pupa wa ni. Bí a bá gé e tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn bá kàn án, líle ló ń le sí i. Àwọn tó gbẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ wọn bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Ilé alámọ̀ ńkọ́? Ipele kan ni wọ́n ń mọ, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó mọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ògiri wọn nípọn, wọn kì í sì gbé ohun tó wúwo lé e. Gbogbo ọmọ agbo ilé ló sì ń bá wọn gún amọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti mọ amọ̀ tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa, ó mọ ìdí tí ìdí ògiri fi gbọ́dọ̀ nípọn ju orí rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí a bá ní ká kọ́ ọmọ ní ilé kíkọ́, a kò mú nǹkan àjèjì wá. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ ń gbà tẹ́lẹ̀ la ń dá padà, torí pé ohun èlò ti yí padà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì bá a dé. Amọ̀ tó bá fẹ́ já máa ń sọ tẹ́lẹ̀, yóò sán, yóò wú, yóò máa bọ́. Òpó kọnkéré tí irin rẹ̀ kéré lè dúró dáadáa lójú wa títí di ọjọ́ tí yóò ṣẹ́.

Àríwísí kan wà tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé ìmọ̀ díẹ̀ léwu, pé ọmọ tó bá tẹ fóòmù lẹ́ẹ̀kan lè dàgbà kó máa fi ara rẹ̀ ṣe ẹnjinníà, kó sì fi owó ẹnjinníà ra táìsì. Mo gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń kọ́lé láìgba ẹnjinníà lónìí. Ìmọ̀ díẹ̀ kọ́ ló fà á. Kò rí ohun tí ẹnjinníà ń ṣe rárá ni. Lójú tirẹ̀, bíríkìlà tó ti kọ́ ilé 30 mọ gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i pé ibi tí a gbé irin sí lè sọ bákónì di pańpẹ́ ló ń mọ̀ pé ìṣirò kan wà tí òun kò lè dá ṣe. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ sì ti gba ilé ńlá là rí. Ní ọdún 1978, lẹ́yìn tí ilé Citicorp alájà 59 ti parí ní New York, ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ ló mú kí ẹnjinníà tó ṣírò rẹ̀, William LeMessurier, tún iṣẹ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Ó rí i pé wọ́n ti fi bóòtù so irin pọ̀ níbi tó rò pé wọ́n jó wọn pọ̀, àti pé bí ìjì líle bá ti igun fẹ́ lu ilé náà, ó lè ṣubú. Òru ni wọ́n fi ń jó irin kún un, títí iṣẹ́ fi parí, àwọn ará ìlú kò sì mọ̀ nípa rẹ̀ títí di ọdún 1995. Ọkùnrin tó lóye iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ka ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ sí ìwọ̀sí. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá wa tó ń kọ́lé ló lè gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ?

Àìlówó ni ọ̀pọ̀ yóò tún mẹ́nu bà, pé ènìyàn tí kò rówó ra sìmẹ́ǹtì kò ní ráyè gbọ́ ẹ̀kọ́. Ilé tó léwu kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ilé olówó kékeré. Irin tó yẹ kó wà lókè tó bá wà lókè kò náni ní kọ́bọ̀. Omi tí wọ́n ń rọ́ sínú kọnkéré kó lè ṣàn dáadáa ń dín agbára rẹ̀ kù, ká dín in kù kì í gbowó lọ́wọ́ wa. Ká máa fomi wọ́n dẹ́kìnì fún ọjọ́ méje, ká má yọ igi abẹ́ rẹ̀ láìtíì tó àkókò, sùúrù ló ń gbà. Mi ò ní parọ́ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ẹnjinníà wà, owó yíyẹ ilẹ̀ wò náà wà, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé lápá Ìjẹ̀bú etí omi níbi tí ilẹ̀ kò ti le bíi ti Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra géètì tí owó rẹ̀ tó ra mọ́tò, tó fi POP ṣe òdòdó sí àjà pálọ̀, kò lè wí fún mi pé owó ló dí òun lọ́wọ́. Ohun tó hàn síta ló rà, torí ohun náà nìkan la kọ́ ọ láti máa wò. Ní ti àwọn tó ní àmúwá Ọlọ́run ni, pé ẹni tí yóò kú á kú, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn kò yẹ kó máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́.

Ó ku ibi tí a ó ti rí àkókò àti olùkọ́. Iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn àwọn ọmọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tuntun kankan nínú èyí. Ẹ̀kọ́ fíṣíìsì tí wọ́n ń ṣe fún WAEC ti ní òfin Hooke nínú, ó ti ní bí agbára ṣe ń dọ́gba, ó ti ní bí ohun tó yọ síta ṣe ń wúwo sí i bó ṣe ń jìnnà. Sípíríǹgì àti rúlà nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òrùlé tó wà lórí wọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ inú ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, iṣẹ́ bíríkìlà àti kọnkéré wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mú èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n fi èyí sílẹ̀. Ní ti olùkọ́, Ìjagun tí Yunifásítì Tai Solarin wà, tí wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́, kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní ẹ̀ka ẹnjinníà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbògùn ni wọ́n gbé e lọ, tí Àgọ́-Ìwòyè fi ń wò ó lókèèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ méjì tó bá wálé fún ọlidé lè kọ́ ẹ̀kọ́ fóòmù yẹn fún odidi ilé ẹ̀kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, tí ẹnjinníà tó ti fẹ̀yìn tì kò wọ́n nínú wọn, ń wá ohun tí wọn yóò ṣe fún ìlú lọ́dọọdún. Fóòmù, ìwọ̀n kan, rọ́ọ̀dù gígé mélòó kan, ojúlówó àti ayédèrú pọ̀, àti ọ̀sán kan níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìnì pẹ̀lú ẹnjinníà tó lè ṣàlàyé: owó rẹ̀ kò tó ti ankara tí ẹgbẹ́ kan ń rà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀ lè fún olùkọ́ fíṣíìsì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Mi ò sì rò pé ó pọn dandan kó kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta kó tó ra fóòmù.